Fíìmù Facebook Tuntun: Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Aaron Sorkin Tó Kọ Ọ́ Náà Ló Tún Darí Ẹ̀?

Láti ìgbà tí Sony ti kéde pé fíìmù mìíì ń bọ̀ lórí Facebook, oríṣiríṣi nǹkan la ń gbọ́. Ẹnì kan á ní apá kejì The Social Network, fíìmù Facebook ti 2010, ni, ẹlòmíì á ní David Fincher ló tún ń ṣe é, ẹlòmíì tún á búra pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ya wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní January 6 ni wọ́n fi ṣe odindi fíìmù, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń béèrè pé ta tiẹ̀ ni Aaron Sorkin yìí tí gbogbo èèyàn ń pariwo orúkọ ẹ̀ bí ẹni pé òun lòṣèré. Ìbéèrè tó dáa ni, torí orúkọ ẹni tó kọ fíìmù kì í sábà dé etí ẹni tó kàn sanwó wọ sinimá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Kí ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀?

Fíìmù yẹn ń jẹ́ The Social Reckoning, ti Sony Pictures ni, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni wọ́n sì fi sí pé ó máa wọ sinimá. Sorkin ló kọ skríìpù ẹ̀, òun náà ni dáyírẹ́kítọ̀. Jeremy Strong, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ nínú Succession, ló ṣe Mark Zuckerberg. Mikey Madison tó gba Oscar òṣèrébìnrin tó dáa jù ní 2025 torí Anora ló ṣe Frances Haugen, ìyẹn obìnrin tó kó ìwé àṣírí jáde ní Facebook, Jeremy Allen White ti The Bear sì ṣe Jeff Horwitz, akọ̀ròyìn Wall Street Journal tó gba ìwé ọ̀hún lọ́wọ́ ẹ̀. Bill Burr náà wà níbẹ̀.

Àwọn tí ò sí níbẹ̀ ló dá ariwo sílẹ̀. Jesse Eisenberg tó ṣe Zuckerberg ní 2010 ò sí níbẹ̀, Fincher tó darí tìgbà yẹn náà ò sí níbẹ̀. Nínú àwọn orúkọ ńlá tó ṣe ti àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ọ́ ló padà wá sí orí àga dáyírẹ́kítọ̀.

Ṣé apá kejì ni àbí kì í ṣe apá kejì?

Sony ò pè é ní apá kejì. Ohun tí wọ́n pè é ni fíìmù tó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kálukú wọn ní ilé tiẹ̀. Ti 2010 dá lé bí Zuckerberg ṣe dá Facebook sílẹ̀ ní yàrá iléèwé ẹ̀ ní Harvard, àti ẹjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ìkan látọwọ́ àwọn ìbejì Winklevoss, ìkan látọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ Eduardo Saverin. Tuntun yìí fò ó lọ sí 2021, nígbà tí Facebook ti di òkè, tí ìwé inú ilé ẹ̀ sì já sọ́wọ́ oníròyìn. Ẹ lè wo ìkan láìwo ìkejì.

Ọ̀rọ̀ January 6 náà ní orísun. Ní 2024 Sorkin sọ lórí pódíkáàsì kan pé Facebook lòun dá lẹ́bi fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kó ṣàlàyé, ó ní àfi kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù. Látibẹ̀ làwọn èèyàn ti gbé e pé fíìmù January 6 ló fẹ́ ṣe. Nígbà tí Sony wá kéde, ìtàn Haugen àti Horwitz ni wọ́n fi síwájú.

Ta ni Sorkin, níbo ló ti ṣẹ́ wá?

Ọmọ New York ni, 1961 ni wọ́n bí i, Scarsdale ló dàgbà sí. Òṣèré ló fẹ́ dà, ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ò sí lọ́kàn ẹ̀ rárá. Eré orí ìtàgé olórin ló kà jáde ní Syracuse University ní 1983, ló bá lọ wáṣẹ́ òṣèré nígboro New York, iṣẹ́ ò rí ibì kankan yọ sí. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ jẹun, ìkan nínú ẹ̀ ni ọtí títà ní báà inú ilé tíátà kan ní Broadway, ibi tí àwọn tíátà ńlá New York wà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó jẹ́ lọ́yà fún ológun ló sọ fún un nípa ẹjọ́ kan tó ń lọ ṣe ní Guantanamo Bay, ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Cuba, àwọn sọ́jà kan tí wọ́n fẹ́ẹ̀ pa ọ̀kan nínú ara wọn torí ọ̀gá ní kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Sorkin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí bébà ìnuwọ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ ife ọtí, torí tí àwọn òǹwòran bá ti wọlé lọ wo eré, báà á dá, kò sí nǹkan míì tó ń ṣe. Tó bá délé á kó gbogbo bébà ọ̀hún jáde lápò.

Ohun tó kọ yẹn ló di A Few Good Men, tó wọ Broadway ní 1989. Rob Reiner sọ ọ́ di fíìmù ní 1992, Tom Cruise àti Jack Nicholson wà níbẹ̀, Sorkin fúnra ẹ̀ ló kọ skríìpù. Látibẹ̀ ó kọ The American President ní 1995, ó wá wọ tẹlifíṣọ̀n, ó gbé Sports Night jáde ní 1998 àti The West Wing ní 1999. Ti West Wing yìí ló sọ ọ́ di orúkọ: ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba Emmy, ẹ̀bùn ńlá tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti eré tó dáa jù léraléra, láti 2000 dé 2003, òun ló sì kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin tó fi wà níbẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà fura sí. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹni tó mọ Sorkin júwe eré ẹ̀ fún yín, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn èèyàn máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ́nà ọ́fíìsì tí wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ yẹn, Sorkin ló kọ ọ́. Ìrìn yẹn, Thomas Schlamme tó ń darí eré ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí, orí ìyẹn náà ló jókòó sí: èwo ni ti ẹni tó kọ̀wé, èwo ni ti ẹni tó gbé e sójú àwòrán?

Kí ló ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé fẹ́ di dáyírẹ́kítọ̀ ní Hollywood?

Ọ̀rọ̀ agbára ni, ọ̀rọ̀ ta ló ni nǹkan.

Ní tíátà Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ eré ló ni ín. Kò sí dáyírẹ́kítọ̀ tàbí òṣèré tó lè yọ gbólóhùn kan kúrò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wà nínú àdéhùn. Ti fíìmù ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí stúdíò bá gbé iṣẹ́ fún ẹ pé kó o kọ skríìpù, stúdíò ni òfin kà sí olóhun, ìwọ ti gbowó, ó parí. Wọ́n lè gba òǹkọ̀wé kejì kó wá tún tìẹ kọ, kí wọ́n gba ìkẹta kó wá tún ti ìkejì kọ, wọ́n lè lé ẹ kúrò nídìí ìtàn tó ti orí ìwọ fúnra ẹ jáde. Ohun tó kù fún òǹkọ̀wé ni ẹgbẹ́ wọn, WGA, tó ń bá wọn jà fún owó, tó sì ń dájọ́ orúkọ ta ló máa jáde lójú fíìmù. Ìdájọ́ yẹn le débi pé àmì gan-an ní ìtumọ̀: tẹ́ ẹ bá rí orúkọ òǹkọ̀wé méjì tí wọ́n fi "&" so pọ̀, àwọn méjèèjì jọ jókòó kọ ọ́ ni, tó bá jẹ́ "and" ni wọ́n kọ jáde lódindi, ìkan kọ tiẹ̀, ìkejì wá kọ tiẹ̀ lé e lórí. Ẹ lọ wo Moneyball ti 2011. Steven Zaillian "and" Aaron Sorkin ló wà níbẹ̀, torí Zaillian ti kọ ọ́, Steven Soderbergh ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní 2009, Sony dá a dúró nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní kí Sorkin tún un kọ, Bennett Miller ló wá darí ẹ̀ níkẹyìn. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ máa tún lè wo orúkọ ìparí fíìmù bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn èyí o.

Tẹlifíṣọ̀n wà láàárín méjèèjì. Níbẹ̀ òǹkọ̀wé àgbà ni ọ̀gá, òun ló ń gbani síṣẹ́, òun ló ń dá dúró, dáyírẹ́kítọ̀ lè yí padà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni Sorkin fi jẹ́ ọba ní West Wing, tó bá wá wọ fíìmù, á di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn tó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Orí ẹ̀ kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ o. Preston Sturges tó jẹ́ òǹkọ̀wé ta skríìpù fún stúdíò Paramount ní dọ́là 10, mo ní dọ́là mẹ́wàá, kí wọ́n sáà ti jẹ́ kóun darí ẹ̀ fúnra òun. Wọ́n gbà, ó di The Great McGinty ní 1940, ó sì gba Oscar àkọ́kọ́ tí wọ́n fún skríìpù tí wọn ò mú látinú ìwé kankan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, John Huston tóun náà ń kọ̀wé jẹun darí The Maltese Falcon. Ti Billy Wilder ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó kọ Hold Back the Dawn pẹ̀lú Charles Brackett, ibì kan wà níbẹ̀ tí òṣèré ti máa bá aáyán sọ̀rọ̀ lára ògiri, Charles Boyer tó jẹ́ òṣèré wá ní òun ò lè máa bá aáyán sọ̀rọ̀, ṣé aáyán á dá òun lóhùn ni? Dáyírẹ́kítọ̀ ní ó dáa, wọ́n yọ ọ́. Inú bí Wilder débi pé ó máa ń tún ìtàn yẹn sọ títí ó fi darúgbó, 1942 lòun náà bẹ̀rẹ̀ sí í darí fíìmù ní Hollywood.

Ti Sorkin yàtọ̀ díẹ̀, torí òun ò lè ráhùn pé wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́. Mike Nichols darí Charlie Wilson's War fún un ní 2007, Danny Boyle darí Steve Jobs ní 2015, Fincher sì darí The Social Network. Skríìpù Social Network yẹn jẹ́ ojú ìwé 162. Ìṣirò Hollywood sì ni pé ojú ìwé kan máa ń gba ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rù wá ń ba stúdíò pé fíìmù tó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta rèé. Fincher lọ bá Sorkin nílé, ó gbé aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú dání, ó ní kó ka skríìpù ọ̀hún sókè bó ṣe gbọ́ ọ lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́. Ó jẹ́ wákàtí méjì. Fíìmù náà jáde ní wákàtí méjì géérégé. Ibi tó bẹ̀rẹ̀ nìkan, tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kan ti jókòó ní báà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni Fincher yà á. Oscar mẹ́ta ló gbà, ìkan nínú ẹ̀ ni ti skríìpù fún Sorkin, Fincher ò gba ti dáyírẹ́kítọ̀, Tom Hooper ti The King's Speech ló gbé e lọ.

Báwo ló wá ṣe dé orí àga dáyírẹ́kítọ̀?

Molly's Game ti 2017 ni àkọ́kọ́, ìtàn Molly Bloom tó ń ṣètò tẹ́tẹ́ póká olówó gọbọi fún àwọn gbajúmọ̀ kí FBI tó mú un. Sorkin ti kọ ọ́, wọ́n jókòó wọ́n ń tò orúkọ àwọn dáyírẹ́kítọ̀ tí wọ́n lè fún, làwọn olóòtú fíìmù náà bá ní kí ló dé tí ò ṣe é fúnra ẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Jessica Chastain àti Idris Elba ló ṣáájú nínú ẹ̀, wọ́n sì yàn án fún Oscar torí skríìpù.

Ìkejì, The Trial of the Chicago 7, pẹ́ lójú ọ̀nà. Steven Spielberg ló pè é sílé ní 2006 pé kó kọ fíìmù nípa ẹjọ́ tí wọ́n pe àwọn tó ṣe ìwọ́de lòdì sí ogun Vietnam ní Chicago ní 1968. Sorkin fúnra ẹ̀ sọ pé òun kàn ń mi orí ni, òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, bóun ṣe kúrò níbẹ̀ lòun pe bàbá òun pé ẹjọ́ wo ni wọ́n ń sọ yìí. Spielberg ló fẹ́ darí ẹ̀, ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2007, ọ̀rọ̀ náà sùn. Orúkọ àwọn dáyírẹ́kítọ̀ mìíì wọlé, wọ́n tún jáde. Ìgbà tí Spielberg wo Molly's Game ló ní kí Sorkin lọ ṣe é fúnra ẹ̀. Wọ́n yà á ní 2019, Covid dé, sinimá tì, Paramount tà á fún Netflix, ó jáde ní oṣù kẹwàá 2020, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìbò ààrẹ. Wọ́n yàn án fún Oscar mẹ́fà, fíìmù tó dáa jù wà lára ẹ̀, kò gba ìkankan.

Ìkẹta ni Being the Ricardos, 2021, lórí Lucille Ball àti ọkọ ẹ̀ Desi Arnaz ọmọ Cuba, àwọn tó ṣe eré tẹlifíṣọ̀n I Love Lucy. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ orin Babalú tí Arnaz máa ń kọ pẹ̀lú ìlù, Babalú-Ayé tí wọ́n ń bọ ní Cuba ni orin yẹn ń pè, Ọbalúayé tiwa yìí náà ni.) Àwọn kan bínú pé Javier Bardem tó jẹ́ ọmọ Spain ni wọ́n mú ṣe ọmọ Cuba, àwọn kan ní Nicole Kidman ò jọ Lucille rárá, àmọ́ ọmọ tí tọkọtaya yẹn bí, Lucie Arnaz, dúró lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Kidman, Bardem àti J.K. Simmons, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yàn fún Oscar.

Ṣé òótọ́ ló ń kọ ni, àbí ó ń fi kún un?

Ó ń fi kún un, òun fúnra ẹ̀ ò sì sẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwòrán tí èèyàn fọwọ́ kùn lòun ń ṣe, kì í ṣe fọ́tò. Nígbà tí Social Network jáde ó là á mọ́lẹ̀ pé ìtàn lòun jẹ ní gbèsè, òun ò jẹ òótọ́ pọ́ńbélé.

Zuckerberg ò gbà. Ó ní wọ́n ṣe é bí ẹni pé torí àtirí obìnrin àti àtiwọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá lòun ṣe dá Facebook sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin tóun ń bá rìn nígbà yẹn lòun ṣì wà pẹ̀lú, ó ní aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún òṣèré yẹn nìkan ni wọ́n gbà. Ó wá ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé kí ló dé tí ò pè wọ́n lẹ́jọ́. Òfin Amẹ́ríkà ni ká wò. Ẹjọ́ New York Times àti Sullivan ní 1964 ló bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kóòtù tó ga jù wá nà án dé orí àwọn gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà: gbajúmọ̀ tó bá fẹ́ gba owó ìbanilórúkọjẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò tiẹ̀ bìkítà bóyá irọ́ ni àbí òótọ́. Òkè ńlá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ stúdíò ò nílò kó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ kó tó fi ohun tó wà nínú ìwé kóòtù àti ìwé ìròyìn ṣe fíìmù.

Ti Chicago 7, àwọn onítàn tọ́ka sí ibi méjì. Bobby Seale, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo láàárín wọn, wọ́n dè é mọ́ àga wọ́n sì fi nǹkan dí i lẹ́nu nínú kóòtù fún ọjọ́ mélòó kan, nínú fíìmù kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ìkejì ni ìparí, níbi tí Tom Hayden ti ka orúkọ àwọn sọ́jà tó kú ní Vietnam lọ́jọ́ ìdájọ́ tí gbogbo kóòtù dìde pàtẹ́wọ́. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. David Dellinger ló gbìyànjú àtika orúkọ, oṣù kẹwàá 1969 ni, ẹjọ́ ò tíì lọ jìnnà. Ti Ricardos, nǹkan mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1952 sí 1955 ni Sorkin kó pọ̀ sínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní eré orí ìtàgé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́, ọ̀rọ̀ tó bá fọ́n ká ọdún mẹ́ta kò ṣe é wò. Àwọn tó ń ta kò ó ní ẹni tó wo fíìmù lónìí, ohun tó wò ló máa gbà pé ó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní lọ yẹ ìwé ìtàn wò. Nígbà tó sọ To Kill a Mockingbird di eré Broadway, ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù: ní oṣù kẹta 2018, àwọn tó ń mójú tó ogún Harper Lee tó kọ ìwé náà pe iléeṣẹ́ olóòtú eré náà lẹ́jọ́ pé Sorkin ti yí ìwà Atticus, lọ́yà inú ìtàn ọ̀hún, padà kúrò nínú bó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní oṣù karùn-ún, eré sì wọ Broadway ní oṣù Kejìlá.

Ìwé Facebook wo ni wọ́n ń sọ, kí ló sì kàn wá?

Haugen dé Facebook ní 2019, ẹ̀ka tó ń wo ọ̀rọ̀ ìdìbò àti irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kó tó kúrò ní 2021, ó ti fi fóònù ẹ̀ ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé látojú kọ̀ǹpútà. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Wall Street Journal bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá Haugen fojú hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ọjọ́ 5 ó wà níwájú àwọn sẹ́nétọ̀, kí oṣù yẹn tó parí Facebook ti yí orúkọ iléeṣẹ́ padà sí Meta.

Kí ló wà níbẹ̀? Pé ètò kan wà tó ń jẹ́ kí àwọn gbajúmọ̀ rú òfin Facebook láìjìyà bíi tàwọn tó kù. Pé ìwádìí Instagram fúnra ẹ̀ rí i pé 32 nínú 100 ọ̀dọ́bìnrin sọ pé tínú àwọn ò bá dùn sí ara àwọn tẹ́lẹ̀, ṣe ni Instagram tún ń dá kún un. Pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2018 sí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé iwájú èèyàn ń gbé ohun tó ń bí èèyàn nínú síwájú.

Èyí tó kan àwa gan-an ni ti owó. New York Times jábọ̀ látinú ìwé yẹn pé 87 nínú 100 owó tí Facebook yà sọ́tọ̀ láti fi mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́, Amẹ́ríkà ló ń lọ, 13 tó kù ni gbogbo ayé yòókù ń pín, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń lò ó ní Àríwá Amẹ́ríkà ò ju 10 nínú 100 lọ. Facebook fèsì pé iye yẹn ò pé, pé kò ka àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti máa yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá òótọ́ ni mọ́ ọn, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Zuckerberg náà kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ tí Haugen jẹ́rìí pé irọ́ ni pé èrè làwọn ń wò ju ààbò lọ, wọ́n sì tún ní wọ́n ṣi ìwádìí Instagram túmọ̀ ni, pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ pé ó ran àwọn lọ́wọ́ lórí nǹkan mìíì.

Kí wá làwọn èèyàn ń jà sí báyìí?

Ẹ̀gbẹ́ kan ní Fincher ló mú Social Network dúró. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Sorkin dùn, ó sì máa ń fẹ́ wàásù, ojú tútù tí Fincher fi ń wo nǹkan ni ò jẹ́ kó di ìwàásù, wọ́n á wá na ìka sí ìparí Chicago 7 pé ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ò bá sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó tó. Ẹ̀gbẹ́ kejì ní ẹni tó gba Oscar nídìí fíìmù yẹn, Sorkin ni, àti pé àwọn òṣèré ń rí ṣe lọ́wọ́ ẹ̀: Sacha Baron Cohen nínú Chicago 7 àti mẹ́ta nínú Ricardos, gbogbo wọn ni wọ́n yàn. Jeremy Strong náà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wà nínú Molly's Game, ó wà nínú Chicago 7, ìkẹta wọn nìyí. Ẹ̀gbẹ́ mìíì wà tí ò tiẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ Fincher, ohun tiwọn ni pé Haugen, Horwitz àti Zuckerberg, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà láàyè, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tutù, ta ni yóò wá ya ohun tó wà nínú ìwé àṣírí sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tí Sorkin fi ẹnu wọn sọ?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti yan Sorkin fún Oscar, skríìpù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà tó sún mọ́ ti dáyírẹ́kítọ̀ jù ni 2021, ẹgbẹ́ àwọn dáyírẹ́kítọ̀ Amẹ́ríkà yàn án torí Chicago 7, Fincher náà sì wà lára àwọn márùn-ún yẹn, ó gbé Mank wá, fíìmù nípa Herman Mankiewicz, òǹkọ̀wé Citizen Kane. Chloé Zhao ló gbégbá orókè. Nígbà tí Oscar gbé orúkọ tiẹ̀ jáde, mẹ́rin nínú márùn-ún wọn ló wà níbẹ̀, Fincher pẹ̀lú, Thomas Vinterberg ló jókòó sí àyè Sorkin.